Wọ́n Ṣòfin Kófíìdì Tán, Wọ́n Rú U: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí àwọn olóṣèlú tó tàpá sí òfin kónílé-ó-gbélé pọ̀ débi pé gbogbo ojú ewé yìí la yà sọ́tọ̀ fún un lọ́tẹ̀ yìí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wọn dá lé, pàápàá àríyá tí wọ́n ṣe ní Downing Street, níbi tí olóòtú ìjọba ń gbé, tó sì tún ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé owó ìtanràn £50 péré ni Boris Johnson san, nítorí kéèkì ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ṣé kéèkì lásán ló gba àga lọ́wọ́ odidi olóòtú ìjọba? Lójú tèmi, àwọn òyìnbó yẹn kàn ń wá ohun tí wọn yóò bínú sí ni. (Olùkọ́ kan, Òṣogbo)

Tíṣà, ọ̀rọ̀ yìí ju kéèkì lọ. Ẹ jẹ́ ká gbé e láti ìdí.

Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni Johnson bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, tó ní kí gbogbo ará ìlú jókòó sílé. Ọjọ́ 26 oṣù náà ni òfin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orí òfin ìlera ọdún 1984 ni wọ́n gbé e kà, èyí tó fún mínísítà lágbára láti buwọ́ lu ìlànà tuntun lọ́jọ́ pàjáwìrì, kó sì di òfin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí àwọn aṣòfin tó jíròrò lé e lórí. Ẹ rántí ìyẹn: àwọn tó wà nínú ìjọba gan-an ló fọwọ́ ara wọn kọ ọ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, òfin náà sọ pé àwọn tí kò jọ gbé ilé kan náà kò gbọdọ̀ kóra jọ nínú ilé, ì báà jẹ́ ènìyàn méjì péré, àfi tí iṣẹ́ bá sọ ọ́ di dandan. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ náà. Kí àwọn òṣìṣẹ́ Downing Street jókòó ṣèpàdé kò burú, iṣẹ́ ni. Àmọ́ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà, wọ́n tẹ́ oúnjẹ àti ohun mímu sílẹ̀ fún ọjọ́ ìbí Johnson, ìyàwó rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ wo ló sọ ìyẹn di dandan? Nígbà tí ọlọ́pàá kò rí iṣẹ́ kankan níbẹ̀, wọ́n bu owó ìtanràn fún Johnson, fún ìyàwó rẹ̀ àti fún Rishi Sunak tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà.

Ìjókòó ọjọ́ ìbí yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kéré jù nínú gbogbo wọn. Ẹ wo ti ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Láti ọjọ́ 16 ni wọ́n ti gbé Lọ́ńdọ̀nù lọ sí ìpele kẹta, èyí tí òfin rẹ̀ le jù nígbà náà, ìtọ́sọ́nà tí ìjọba fi síta sì sọ ọ́ ketekete pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe oúnjẹ tàbí àríyá Kérésìmesì níbi iṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì péré ni wọ́n ṣe é ní Downing Street. Sue Gray, òṣìṣẹ́ ìjọba àgbà tí wọ́n ní kó wádìí ọ̀rọ̀ náà, kọ ọ́ sínú jábọ̀ rẹ̀ ti ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 pé nígbà tí ẹni tó ń tún ọ́fíìsì ṣe dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wáìnì pupa ló bá lára ògiri àti lára àwọn páálí bébà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń jí lóru láti lọ nu irú ògiri bẹ́ẹ̀ kí àwọn oníṣẹ́ tó wọlé. Jábọ̀ kan náà sọ pé wọn kò bọ̀wọ̀ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ àtàwọn tó ń tọ́jú ilé náà. Lójú wa, kò sí ohun tó dójú ti ìjọba yẹn tó èyí.

Àríyá méjì mìíràn tún wáyé ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2021, aago mẹ́rin àbọ̀ òru ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹni tó gbẹ̀yìn jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọbabìnrin Elizabeth dá nìkan jókòó sórí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì níbi ìsìnkú ọkọ rẹ̀. Ènìyàn 30 péré ló wà níbẹ̀, torí pé iye tí òfin gbà fún òkú gbogbo ará ìlú nìyẹn, ó sì tẹ̀ lé e.

Ohun tó wá sọ ìbínú di ìyà fún Johnson ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ìwé ìròyìn Daily Mirror gbé àṣírí náà jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Lọ́jọ́ kejì, Johnson dìde nínú Ilé Aṣòfin, ó ní gbogbo ìtọ́sọ́nà pátá ni wọ́n tẹ̀ lé ní Downing Street. Lọ́dọ̀ tiwọn, mínísítà tó bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ fún Ilé yẹn ti fi ipò rẹ̀ wewu. Ìgbìmọ̀ aṣòfin méje gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, Harriet Harman ló ṣe alága, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Conservative tí í ṣe ẹgbẹ́ Johnson fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2023, wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣi Ilé lọ́nà ni, pé ká ní ó ṣì jẹ́ aṣòfin ni, àwọn ì bá ní kó lọ rọ́ọ́kún nílé fún 90 ọjọ́. Aṣòfin 354 fọwọ́ sí jábọ̀ náà, méje péré ló lòdì sí i.

Ó yẹ ká sọ èyí pẹ̀lú kí ẹ má bàa ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́: ọ̀tọ̀ lohun tó mú kó kéde ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2022 pé òun á kúrò lórí àga olóòtú ìjọba. Ọ̀rọ̀ Chris Pincher, aṣòfin kan tí wọ́n fẹ̀sùn ìfọwọ́kan àìtọ́ kàn, tí Johnson sì ti fi sípò, ló mú kí àwọn mínísítà rẹ̀ máa kọ̀wé fipò sílẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Àmọ́ ó ti kù díẹ̀ káàtó ṣáájú. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún náà, nígbà tí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ dìbò lórí bóyá wọ́n ṣì fọkàn tán an, 148 ní rárá, 211 ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní oṣù Kẹta 2021, àwa mẹ́jọ péjọ sílé láti ṣàdúrà ọjọ́ kẹjọ bàbá wa. Ọlọ́pàá kan ilẹ̀kùn, wọ́n bu £200 fún mi, mo sáré san £100. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń wá báyìí, fọ́ọ̀mù wọn sì ń béèrè bóyá ilé ẹjọ́ ti dá mi lẹ́bi rí. Kí ni kí n kọ? Ó sì ń dùn mí pé owó tèmi ju ti olóòtú ìjọba lọ. (Ìyá ọmọ mẹ́ta, Peckham)

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn.

Bí ẹ bá ti san án, ẹ kọ "rárá". Ìwé owó ìtanràn tí ọlọ́pàá já fún yín kì í ṣe ìdálẹ́bi ilé ẹjọ́. Ohun tó ń sọ ni pé: san owó yìí láàárín ọjọ́ 28, a kò ní gbé ọ lọ sílé ẹjọ́. Ẹ ti san án, ọ̀rọ̀ ti parí. Kìkì ohun tí ẹ ó ṣọ́ra fún ni ọ̀rọ̀ inú fọ́ọ̀mù náà. Tó bá jẹ́ pé ó béèrè nípa owó ìtanràn ọlọ́pàá ní pàtó, ẹ sọ òtítọ́, torí irọ́ inú fọ́ọ̀mù ló ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn ju owó ìtanràn lọ.

Ti àwọn tí kò san ló le. Lẹ́yìn ọjọ́ 28, wọ́n lè gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú adájọ́ májísíréètì kan ṣoṣo, lórí ìwé, láìsí ẹni tó dúró nílé ẹjọ́. Ìwé ìpè náà á wá sí àdírẹ́sì tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀. Bí ènìyàn bá ti kó kúrò níbẹ̀, kò ní rí i, wọ́n á sì dá a lẹ́bi lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wà lórí òun, ọjọ́ 21 ló ní láti ìgbà tó ti mọ̀, láti lọ búra níwájú ilé ẹjọ́ májísíréètì tàbí agbẹjọ́rò pé òun kò gbọ́ nípa rẹ̀. Ìbúra yẹn á fagi lé ìdájọ́ náà, ẹjọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ má fi dọ́la.

Ní ti owó, iye tó wà nínú òfin lọ́jọ́ tí oníkálukú ṣẹ̀ ni wọ́n gbà. Ní oṣù Kẹta 2020, £60 ni, ìdajì rẹ̀ ni £30 fún ẹni tó bá san án láàárín ọjọ́ 14. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún, ó di £100, ìdajì sì di £50. Abẹ́ èyí ni ọjọ́ ìbí Johnson bọ́ sí. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá, ó ti di £200, ẹni tó bá sì kó èrò tó ju 30 jọ lè san £10,000. Ẹ ò rí i pé bí òfin ṣe ń le sí i fún ìlú, bẹ́ẹ̀ ni àríyá wọn ń pọ̀ sí i. A kò bá yín wí pé ó ń dùn yín. Ó yẹ kó dùn yín.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó yẹ kí gbogbo ìlú mọ̀. Òfin náà kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí owó ìtanràn. Ọ̀nà kan ṣoṣo láti jà á ni kéèyàn kọ̀ láti san, kó wá dúró de ilé ẹjọ́, kó sì fi orúkọ rẹ̀ wewu. Ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sọ ọ́ ní oṣù Kẹrin 2021 pé èyí kò tọ́, pé kí wọ́n yẹ gbogbo owó ìtanràn náà wò. Bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ọlọ́pàá kò kéré: ní oṣù Karùn-ún 2020, àjọ agbẹjọ́rò ìjọba yẹ ẹjọ́ 44 wò tí wọ́n gbé dìde lábẹ́ òfin Kòrónà tuntun, gbogbo wọn pátá ló lòdì.

Ṣé kì í ṣe àwọn ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n fi bo àwọn ọ̀gá láṣìírí? (Òṣìṣẹ́ ìjọba, Ìbàdàn)

Wọ́n ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Níbí yìí, ìka kéékèèké ni wọ́n gé jù. Ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù fi ìwé ìbéèrè 204 ránṣẹ́, wọ́n yẹ fọ́tò àti àwòrán kámẹ́rà 510 wò, wọ́n sì bu owó ìtanràn 126 fún ènìyàn 83, ọkùnrin 35, obìnrin 48. Ọlọ́pàá kò dárúkọ ẹnì kankan. Ẹni tó pe àríyá inú ọgbà ti ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 2020 ni Martin Reynolds, akọ̀wé àgbà olóòtú ìjọba. Ímeèlì rẹ̀ ní kí kálukú gbé ọtí tirẹ̀ lọ́wọ́ wá láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ sí ẹnì kan lórí WhatsApp pé ó jọ pé àwọn ti mú un jẹ. Sue Gray sọ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ kan rò pé kò sí èèwọ̀ níbẹ̀ torí pé wọ́n rí àwọn ọ̀gá wọn níbẹ̀, àti pé àwọn aṣáájú ló gbọ́dọ̀ ru ẹ̀bi náà. A fara mọ́ ọn.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Yàtọ̀ sí ìbínú, ṣé irú nǹkan báyìí tiẹ̀ ń ba iṣẹ́ ìlera jẹ́ ní tòótọ́? (Abẹ́òkúta)

Ó ń bà á jẹ́, wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 2020, Dominic Cummings, olùdámọ̀ràn àgbà Johnson, wa ọkọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Durham, nǹkan bíi máìlì 260, nígbà tí ara ìyàwó rẹ̀ kò yá, tí òfin sì ní kí wọ́n jókòó sílé. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, ó tún wakọ̀ lọ sí Barnard Castle, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ojú òun dá tó láti wakọ̀ padà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú síta ní oṣù Karùn-ún, kò kọ̀wé fipò sílẹ̀, Johnson sì gbè é lẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì UCL ti ń bi àwọn ènìyàn tó ju 40,000 léèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ àjàkálẹ̀ náà nípa bí wọ́n ṣe fọkàn tán ìjọba. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú The Lancet, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn, ni pé ìfọkàntán ní England já wálẹ̀ láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, kò sì padà bọ̀ sípò. Ní Scotland àti Wales, níbi tí ìjọba mìíràn ti ń darí ètò ìlera, kò já bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi wé ti Scotland. Dókítà Catherine Calderwood, ọ̀gá àgbà ètò ìlera wọn, lọ sí ilé rẹ̀ kejì ní etí òkun lẹ́ẹ̀mejì. Àwòrán jáde nínú ìwé ìròyìn ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin 2020, ó tọrọ àforíjì, ó sì fipò sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹ̀yin tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ni pé wákàtí mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá máa dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ẹ má gbìyànjú láti ṣàlàyé ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá fún aláìsàn. Ẹ kàn sọ pé ó ṣẹ̀, kí ẹ wá sọ ìdí tí àrùn náà fi ń ràn síbẹ̀.

Ìwé ìgbéèlú akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ní, páṣípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo mú lọ́wọ́. Ṣé mo lè bá wọn buwọ́ lùwé láti yọ aṣòfin tó rúfin? (Manchester)

Ẹ lè ṣe é. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ̀ nìyí: ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ní ìwé ìgbéèlú, tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ti pé ọdún 18, lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yan aṣòfin. Nàìjíríà wà lára wọn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba ni ẹ ti ń forúkọ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á béèrè ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà National Insurance yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ buwọ́ lùwé tàbí dìbò, ẹ mú ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò dání. Wọ́n ń gba páṣípọ́ọ̀tù Nàìjíríà.

Ẹ má retí pé ìbínú ìlú lásán lè ṣí ìwé ìbuwọ́lù náà. Òfin ọdún 2015 sọ ohun mẹ́ta tó lè ṣí i: kí ilé ẹjọ́ fi aṣòfin sẹ́wọ̀n tí kò ju ọdún kan lọ, kó jẹ̀bi pé ó parọ́ lórí owó ìnáwó tó ní kí wọ́n san padà fún òun, tàbí kí Ilé ní kó lọ rọ́ọ́kún nílé fún ọjọ́ ìjókòó mẹ́wàá ó kéré tán. Tí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá ti ṣẹlẹ̀, wọ́n á ṣí ibi ìbuwọ́lù sí àgbègbè náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò sí àyè fún ẹni tó fẹ́ kó dúró. Tí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò tó wà lórí ìwé bá ti buwọ́ lù ú, àga náà ti ṣófo, ìdìbò tuntun dé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á dúró kí ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ forúkọ sílẹ̀. Ó ti pẹ́ nígbà náà.

Bó ṣe ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Kófíìdì gan-an ni ti Margaret Ferrier, aṣòfin láti Scotland. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, ó ń dúró de èsì àyẹ̀wò, síbẹ̀ ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sọ̀rọ̀ nínú Ilé. Èsì dé lálẹ́ pé ó ní àrùn náà. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé láàárín èrò. Ilé ẹjọ́ ní kó fi 270 wákàtí ṣiṣẹ́ fún ìlú. Ilé Aṣòfin ní kó lọ rọ́ọ́kún fún 30 ọjọ́, ìwé ìbuwọ́lù ṣí, ènìyàn 11,896 fọwọ́ sí i, ìdá 14.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Àga bọ́, ẹgbẹ́ Labour sì wọlé ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá 2023. Johnson mọ ibi tí irú ìyà bẹ́ẹ̀ ń lọ. Ìdí nìyẹn tó fi kéde ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 2023 pé òun ń kúrò nínú Ilé, kí jábọ̀ tó jáde.

Nílé wa ńkọ́? Nígbà tí ọlọ́pàá ń na àwọn ọlọ́jà, àwọn ńlá ń sìnkú bó ṣe wù wọ́n. Ṣé òfin kankan wà tí a lè fi mú wọn? (Àgbẹ̀ kan, Kàbà)

A mọ ìsìnkú tí ẹ ń sọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 2020, Abuja wà ní títì pa, síbẹ̀ èrò kún ibi ìsìnkú Abba Kyari, olórí òṣìṣẹ́ ààrẹ tí Kófíìdì pa, ní itẹ́ òkú Gudu. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá ní kí àwọn tó lọ má ṣe wọ ilé ààrẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ nílùú Èkó bu ₦100,000 fún gbajúgbajà òṣèré tíátà kan àti ọkọ rẹ̀ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan nítorí àpèjẹ ọjọ́ ìbí, wọ́n sì fi iṣẹ́ ìlú ọjọ́ 14 kún un. Àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ìjọba àpapọ̀ pàápàá ròyìn láàárín oṣù náà pé àwọn agbófinró ti pa ènìyàn 18 níbi tí wọ́n ti ń mú òfin kónílé-ó-gbélé ṣẹ. Ó yẹ kí gbogbo wa máa bínú síbẹ̀.

Olórí òṣìṣẹ́ àti mínísítà kò ṣe é pè padà, ààrẹ ló ń yàn wọ́n. Sẹ́nétọ̀ àti aṣojú ṣòfin ṣe é pè padà lábẹ́ ìwé òfin 1999, abala 69. Kò nílò ẹ̀ṣẹ̀ kankan ní pàtó, pé ẹ kò fọkàn tán an mọ́ ti tó. Àmọ́ ìdá tó ju àbọ̀ gbogbo olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé sí alága INEC, lẹ́yìn náà ni INEC á ṣe ìdìbò bẹ́ẹ̀-ni-àbí-rárá láàárín 90 ọjọ́. Ẹ̀yin ará Òkun ti rí ibi tó ti ń já. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pe Dino Melaye padà ní ìwọ̀ oòrùn Kogi, ìbuwọ́lù 188,588 ni wọ́n kó lọ. Lọ́jọ́ tí INEC ní kí àwọn tó buwọ́ lù ú jáde wá jẹ́rìí sí i, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 2018, 18,742 ni wọ́n rí fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ìdá 5.34 nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò ẹkùn náà. Ibẹ̀ ló parí sí.

Nítorí náà, bí ẹ bá máa gbé e dìde lọ́jọ́ mìíràn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ orúkọ bó ṣe wà nínú ìwé INEC gẹ́lẹ́, kò gbọdọ̀ fi lẹ́tà kan yàtọ̀. Ẹ má gba ìbuwọ́lù ẹni tí kì í gbé nítòsí mọ́, torí òun náà ló gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá lọ́jọ́ ìjẹ́rìí, tòun ti káàdì ìdìbò rẹ̀. Kí ẹ sì ti mọ ẹni tó máa gbé àwọn àgbàlagbà láti oko wá sí ibùdó lọ́jọ́ náà.